Orí Kẹfà: Àga Eyín Kì í Ṣe Pápá Ìjàkadì

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí akokoro kọ́kọ́ gba oorun lójú mi. Ilemona la ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, lágbègbè Ọ̀fà. Eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀ lápá òsì ti lu ihò, kò sì sí ohun tí mo jẹ tí kì í wọ ibẹ̀ lọ. Ìyá mi gbìyànjú. Ó fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ mí lẹ́nu, ó gún kànáfùrù, ó fi dí ojú ihò náà, ó tún gbàdúrà sí i. Nígbà tó di òru kẹta tí èmi àti òun kò fojú ba oorun, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni mẹ́ta ló dì mí mú níbẹ̀. Ọ̀kan gbá orí mi mọ́ àyà, ọ̀kan di ọwọ́ mi méjèèjì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tẹ̀lé wa lọ sì fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ orúnkún mi mọ́ àga. N kò rántí ojú dókítà tó yọ eyín náà. Òórùn ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó di orí mi mú ni mo rántí, bí wọ́n bá sì kó ọgọ́rùn-ún ọṣẹ síwájú mi lónìí, màá mú un jáde. Eyín jáde, ẹ̀rù wọlé. Ó tó ọdún mẹ́rìndínlógún kí n tó tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin kan eyín mi, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ti ń kọ́ iṣẹ́ eyín nígbà náà.

N kò bá ẹnì kankan nínú wọn bínú. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n agbègbè tí Yorùbá ti mọ gídígbò dáadáa ni mo ti wá. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Ọ̀fà, ìjàkadì ló máa ń tẹ̀lé e lẹ́nu àwọn àgbà. Gídígbò ní òfin. Ẹni méjì tó tó ara wọn ló ń wọ̀ ọ́, oníkálukú sì mọ̀ pé ìjà lòun wá jà. Ọmọ tí eyín ń ro kò wá jà. Bí a bá fi agbára borí rẹ̀, a ti yọ eyín kan, a sì ti kọ́ ọ pé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín ni ibi tí ọwọ́ ẹni kì í ti í ṣe tẹni mọ́.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í tètè kúrò lára. Bí àgbàlagbà bá wọlé tọ̀ mí wá tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú tí ojú kan fi ń pa dé, mo máa ń bi í pé ìgbà wo ló rí dókítà eyín kẹ́yìn. “Láti kékeré” ni mo ń gbọ́ jù. Bí mo bá wá béèrè pé báwo ni ti kékeré yẹn ṣe rí, yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kó tó wá sọ ìtàn tó jọ tèmi. Eyín tí à bá dí nígbà tí ihò rẹ̀ kò tó orí abẹ́rẹ́ la wá ń yọ nígbà tó ti di ọyún.

Àwọn tiwa ti ronú lórí èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mọrẹ́nikẹ́ Fọláyan, onímọ̀ ìtọ́jú eyín ọmọdé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpilẹ̀kọ lórí ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọmọ níwájú dókítà eyín. Ní 2002, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn oògùn tí a lè fi rọ ẹ̀rù náà wò. Nígbà tó yá, wọ́n tún dán diazepam àti ketamine wò lára àwọn ọmọ tí ojora máa ń mú. Àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ wúlò. Ibi tí wọ́n ti ń kọ mí lóminú ni pé ohun tí ọmọ bá ti gbé mì, a kò lè ní kó padà wá. Bí ó bá kéré, ọmọ á máa jà. Bí ó bá pọ̀ jù, àfi ká jókòó tì í títí ara rẹ̀ á fi lò ó tán.

Afẹ́fẹ́ tí orí yìí dá lé kò rí bẹ́ẹ̀. Èémí ló ń gbé e wọlé, èémí náà ló ń gbé e jáde. Nitrous oxide lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé; afẹ́fẹ́ ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Kò ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ sì dùn díẹ̀ nímú. Nitrogen méjì àti oxygen kan ló so mọ́ra tó fi dá. Nítorí pé oxygen wà nínú rẹ̀, àwọn kan rò pé ènìyàn lè máa fi òun nìkan mí. Ewu ńlá ni. Ìdè tó so oxygen yẹn mọ́ nitrogen le ju ohun tí ara wa lè tú lọ. Ẹni tó bá ń fà á láìsí oxygen mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fún ara rẹ̀ lọ́rùn ni.

Joseph Priestley, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1772. Ní 1799, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Humphry Davy bẹ̀rẹ̀ sí fà á símú ní ìlú Bristol, ó sì ṣàkíyèsí pé ìrora eyín ọgbọ́n tó ń hù lẹ́nu òun rọlẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1800 pé ó jọ pé ó lè wúlò níbi iṣẹ́ abẹ. Ọdún mẹ́rìnlélógójì kọjá, àríyá nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe.

Ọdún 1844, ọdún tí Samuel Àjàyí Crowther kọ́kọ́ fi èdè Yorùbá darí ìsìn ní Freetown, ni nǹkan yí padà. Ní oṣù Kejìlá, ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Horace Wells lọ wo eré tí Gardner Colton ń fi afẹ́fẹ́ yìí ṣe fún èrò. Ọkùnrin kan tó fà á símú bẹ̀rẹ̀ sí sáré kiri, ó fi ẹsẹ̀ gbá àga, ó ṣèṣe, kò sì mọ̀ rárá. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni Wells ń wò. Lọ́jọ́ kejì, 11 oṣù Kejìlá, ó bẹ Colton kó gbé afẹ́fẹ́ náà wá, ó jókòó, ó ní kí John Riggs ẹlẹgbẹ́ òun yọ eyín òun. Riggs yọ ọ́. Kò dùn ún.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ló gbé e lọ sí Boston láti fi han àwọn oníṣègùn àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín rẹ̀ kò tíì fa afẹ́fẹ́ náà tó tí wọ́n fi gbé e kúrò. Ọkùnrin náà kígbe, àwọn èrò yàrá náà sì hó lé Wells lórí pé gbájúẹ̀ ni. Ojú tì í títí tó fi kú ní 1848. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ju ti Hartford lọ, nítorí àṣìṣe Boston ṣì ń ṣẹlẹ̀: kí dókítà má ní sùúrù tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Colton ló sọ ọ́ jí láti 1863, Edmund Andrews ní Chicago ló sì dá a lábàá ní 1868 pé kí wọ́n máa pò ó mọ́ oxygen. Látìgbà náà ló ti di ohun tó ṣeé gbé lé imú ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ kan hàn yín, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà tí mo tọ́jú. Eyín ẹ̀yìn méjì lókè ti ní ihò, ọ̀kan ṣeé dí, yíyọ ló kù fún èkejì. Nígbà tó wọlé, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló fara pamọ́ sí. N kò fà á. Mo lóṣòó sílẹ̀, mo fi ìbòmú náà hàn án: rọ́bà rírọ̀ kékeré tó bo imú nìkan, tí ọ̀pá méjì so mọ́ ara rẹ̀. Imú erin ni a máa ń pè é fún àwọn ọmọ. Mo fi sí imú tèmi, mo fi sí ti ìyá rẹ̀, mo ní kó yan òórùn tó fẹ́ kí n fi pa inú rẹ̀. Ọsàn ló yàn. Mo sọ fún un pé bó bá na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, màá dúró, mo sì ní kó dán an wò. Ó na ọwọ́, mo dúró. Ó tún nà á, mo tún dúró. Ó rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ kankan kò tíì wọlé.

Oxygen nìkan la kọ́kọ́ fún un fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà mo yí bọ́tìnì: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ẹ̀rín, ká dúró, ìdá 20, ká dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ni àpò rọ́bà kan wà tó ń fẹ̀ tó ń sọ̀ bí ọmọ ṣe ń mí, ojú mi ò sì kúrò lára àpò yẹn. Ní ìdá 30 ó ní, “Àǹtí, ó ń ṣe mí ní ìka bíi kí èèrà máa rìn lórí rẹ̀.” Èjìká tó ká sókè láti ẹnu ọ̀nà rọ̀ sílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì yà sí ẹ̀gbẹ́ àga. Mo fi márùn-ún lé e, mo sì dá ọwọ́ dúró.

Ìyá rẹ̀ rọra béèrè pé, “Dókítà, ṣé kì í ṣe pé ó ti sùn lọ?”

“Rárá, ma. Ẹ bá a sọ̀rọ̀.”

“Kí lorúkọ ìyá ẹ?”

Ọmọ náà la ojú díẹ̀. “Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Mọ́mì.”

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀ nìyí. Afẹ́fẹ́ yìí kì í ṣe oògùn oorun. Ọmọ ń gbọ́ràn, ó ń dáhùn, ó ń gbé ìtọ́ mì, ikọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Láti fi òun nìkan kun ènìyàn lóorun kí abẹ má sì dùn ún, iye tí a nílò ju ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn sì ni pé kò ṣeé ṣe nínú yàrá lásán. Àwọn ọmọdé kì í sábà kọjá ìdá 50, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí oxygen dín sí ìdá 30, bẹ́ẹ̀ ìdá 21 péré ló wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí lójoojúmọ́. Bí oxygen bá tán nínú sílíńdà rẹ̀, ẹ̀rọ á ti afẹ́fẹ́ ẹ̀rín pa láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń ṣe nínú orí kò díjú jù. Àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké kan wà lára fọ́nrán ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní NMDA, tí ìròyìn ìrora máa ń gbà kọjá. Afẹ́fẹ́ yìí ń dí wọn. Ó tún ń mú kí ọpọlọ tú oògùn ìrora tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ jáde. Kì í fẹ́ yò sínú ẹ̀jẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ń tètè dé orí, tó sì ń tètè kúrò. Kò gba iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ṣe. Eyín tí a fẹ́ yọ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ tí yóò pa èrìgì kú. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ni afẹ́fẹ́ náà ń mú lọ. Nígbà tí mo gún ọmọ yẹn, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ní nǹkan kan ta òun bí ẹ̀fọn.

N kì í fi ohunkóhun ti ẹnu ọmọ tí imú erin wà nímú rẹ̀ kó má baà pa dé. Ẹnu tó là fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí mi pé ọmọ ṣì wà pẹ̀lú mi. Bí ó bá ń pa dé léraléra, mo mọ̀ pé mo ti fún un jù, màá sì yí i wálẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, a padà sí oxygen nìkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí afẹ́fẹ́ ẹ̀rín ṣe ń rọ́ jáde látinú ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè gba àyè oxygen níbẹ̀, kí orí fọ́ ọmọ tàbí kí òòyì kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni àwọn tó ń kánjú máa ń fẹ́ fò. Kò yẹ kí wọ́n fò ó.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló bá mu. Imú ni ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà ọmọ tí ọ̀fìnkìn ti dí nímú, tàbí tí ẹran ẹ̀yìn imú ń jẹ́ kó máa fi ẹnu mí, kò ní rí i fà. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ àlàyé, tí kò tíì tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti èyí tó ti ń ké tó ń ta ẹsẹ̀, wọn kò ní jẹ́ kí ìbòmú náà dúró. Ìlànà mìíràn, títí kan oorun yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ dókítà akunnilóorun, ni tiwọn. Nítorí pé afẹ́fẹ́ náà máa ń wọ ibikíbi tí afẹ́fẹ́ bá há sí nínú ara, ẹni tí àárín etí ń dùn, tàbí tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti lu, kò gbọ́dọ̀ gbà á. Èébì máa ń gbé àwọn díẹ̀, nítorí náà kí ọmọ jẹun fẹ́ẹ́rẹ́, kó má yó bíi ti ọjọ́ Iléyá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọn ọmọ SS, ìyẹn àwọn tó ní àrùn sickle cell, nítorí pé wọ́n pọ̀ láàárín wa. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rín kò di èèwọ̀ fún wọn; oxygen tó bá a rìn tilẹ̀ pọ̀ ju ti inú afẹ́fẹ́ lásán lọ, ìbẹ̀rù tó rọlẹ̀ sì dára fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ fítámì B12 di aláìwúlò nínú ara, fítámì yìí sì ni àwọ̀ tó bo fọ́nrán iṣan nílò. Lẹ́ẹ̀kan, ìdajì wákàtí lórí àga eyín, ara á rí ọgbọ́n dá sí i. Ní Britain, níbi tí wọ́n ti ń fi irú afẹ́fẹ́ kan náà pa ìrora fún àwọn alárùn yìí nílé ìwòsàn, àwọn dókítà ti kọ nípa àwọn kan tí ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí kú lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á léraléra. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ sọ ọ́ fún dókítà eyín kí ẹ tó jókòó. Ẹsẹ̀ kíkú kan náà ló ń ṣe àwọn ọ̀dọ́ tó ń fa afẹ́fẹ́ yìí nínú bàlúù lóde àríyá. Ní 8 oṣù Kọkànlá 2023 ni Britain sọ níní in lọ́wọ́ fún fàájì di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ó yẹ ká ro ti ara àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ìwádìí kan tó jáde ní 1992 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn obìnrin tó ń ran dókítà eyín lọ́wọ́, tí wọ́n ń wà nínú afẹ́fẹ́ yìí fún wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ láìsí ọ̀pá tó ń fa ìyókù síta, kì í tètè lóyún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi jẹ́ méjì lára imú erin: ọ̀kan ń gbé e wá, èkejì ń gbé èyí tí ọmọ mí síta lọ. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí nọ́ọ̀sì tó lóyún sì bọ́ síta.

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ohun òyìnbó ni, pé kò bá ipò wa mu. N kò gbà. Ẹ̀rọ tó ń pò ó kò nílò iná mànàmáná. Agbára inú sílíńdà ló ń tì í. Sílíńdà náà fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń fi gáàsì dáná. Omi ni afẹ́fẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀, bíi gáàsì ìdáná, nítorí náà ojú aago rẹ̀ á dúró sójú kan títí omi yẹn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, lẹ́yìn náà á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi ní Ilemona kò jẹ́ gba aago gbọ́ láé. Ó máa ń gbé sílíńdà rẹ̀ lé orí ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló yẹ kí ilé ìwòsàn máa ṣe. Ohun tó wọ́n lọ́dọ̀ wa ni ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń lò ó, àti àwọn òbí tó mọ̀ pé ó wà kí wọ́n lè béèrè. Bí ẹ bá gbé ọmọ yín láti Ọ̀fà tàbí Ilemona lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìlọrin, tàbí ní Ìbàdàn, ẹ bi wọ́n pé: “Ṣé ẹ ní afẹ́fẹ́ ẹ̀rín fún ọmọdé? Ta ni yóò máa wo èémí rẹ̀ bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀?” Ìdáhùn ìbéèrè kejì ni kí ẹ fetí sí jù.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìtọ́jú yẹn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà náà padà wá fún àyẹ̀wò. Eyín ìsàlẹ̀ kan ti ní àmì dúdú bí orí píìnì, mo sì fẹ́ fọ̀ ọ́ kí n dí i. Òun fúnra rẹ̀ gun orí àga. Mo na ọwọ́ sí imú erin, mo ti ń wá òórùn ọsàn.

“Àǹtí,” ó ní, “ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Mo fẹ́ fi dígí wo ohun tí ẹ ń ṣe.”